Ẹ̀yin dókítà tẹ́ ẹ ń lọ Harar: bẹ́ ẹ ṣe máa bá ìlú yẹn àti ìkookò ẹ̀ gbé

Tí wọ́n bá pè yín pé kẹ́ ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ṣiṣẹ́ dókítà ní Harar, lápá ìlà oòrùn Ethiopia, ẹ lọ o jàre. Nǹkan kan ló kàn wà tẹ́nì kankan ò sọ fún èmi kí n tó lọ: lálẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá sùn níbẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá ti pa lọ́lọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn kan níta, á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń kérora, á wá fò lọ sókè lójijì, òmíràn á dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ìkookò ni. Èyí táwọn Hausa ń pè ní kúrá. Kì í ṣe inú igbó ló wà o, àdúgbò ló wà, ó ń rìn lọ lẹ́yìn fèrèsé yín, àwọn onílé sì ń sùn, kò sẹ́ni tó yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ohun tí mo rí ni pé bí wọ́n ṣe ń bá ìkookò yẹn gbé náà ló yẹ kí àlejò dókítà fi bá àwọn náà gbé, pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúró, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ tó sún mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ilé.

Ìwé àṣẹ ló ṣíwájú. Láísẹ́ǹsì MDCN yín, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà láṣẹ nílé, Nàìjíríà ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó pè yín gbọ́dọ̀ ti bá yín gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ètò ìlera Ethiopia kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan, kẹ́ ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín. Wọ́n sọ fún èmi pé tí mo bá débẹ̀ wọ́n máa ṣe é, mo débẹ̀ mo jókòó sí ọ́fíìsì ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn aláìsàn tò síta mò ń wò wọ́n, ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́. Yellow card yín kí ó wà lọ́wọ́. Ẹ gba ti meningitis, ẹ gba ti tàífọ́ọ̀dù. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa ni ti dìgbòlugi. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, méjì péré ni, ọ̀kan lónìí, ìkejì lẹ́yìn ọjọ́ méje gbáko. Kì í ṣe torí ìkookò nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ajá ni mò ń bẹ̀rù jù, ajá tí ò lólówó pọ̀ nígboro, ajá náà ló sì ń kó dìgbòlugi ran èèyàn jù lọ ní Ethiopia. Tẹ́ ẹ bá ti gba méjì yẹn, tí nǹkan bá wá bù yín jẹ, méjì míì péré lẹ máa gbà, ti ọjọ́ náà àti òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ò ní nílò immunoglobulin mọ́, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, tó sì wọ́n bí ojú. Èyí tí kò bá gbà á tẹ́lẹ̀ lára yín, òun ló máa sáré kiri ìlú tí kò mọ̀ nítorí oògùn yẹn.

Ẹ mú súwẹ́tà. Ẹ má rò pé Áfíríkà ni ẹ kò ní nílò ẹ̀, Harar ga tó nǹkan bíi mítà 1,885, òtútù ibẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe kékeré. Ẹ mú aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, ẹ̀yin obìnrin ẹ mú gèlè tàbí ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ẹ lè fà borí tẹ́ ẹ bá ń wọ mọ́ṣáláṣí tàbí ibojì wálíyù, àwọn ẹni mímọ́ inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín o, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i bí ojú àwọn ìyá àgbà ṣe máa rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti fà á borí. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an pẹ̀lú.

Láti Lagos, Ethiopian Airlines á gbé yín dé Addis Ababa ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Addis ga ju Harar lọ pàápàá, mítà 2,355, tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn tí èémí yín ń já, ẹ má bẹ̀rù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fúyẹ́. Ẹ sùn síbẹ̀ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá wọ bàálù lọ Dire Dawa, ìlú tí bàálù ń balẹ̀ sí nítòsí Harar, lọ́jọ́ kejì, wákàtí kan ni. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Djibouti náà ń gba Dire Dawa kọjá, mọ́tò sì wà, àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn, ó lé ní kìlómítà 500, ẹ sì gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ọ̀nà fara rọ lọ́sẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé e. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn mọ́tò.

Dire Dawa gbóná, ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ní 2022 ibà jà gan-an níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọn kan tó wá láti Éṣíà, Anopheles stephensi, ló wà nídìí ẹ̀, inú táńkì omi àti dúrọ́ọ̀mù láàrin ìlú ló ń yé sí, kì í dúró de òjò. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé ẹ máa sùn ní Dire Dawa, ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ lo oògùn ìdènà ibà yín bó ṣe yẹ.

Láti Dire Dawa sí Harar ò ju kìlómítà 55 lọ, òkè lẹ máa gùn, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ adágún Haramaya, adágún tó gbẹ pátápátá nígbà kan kí omi tó tún padà sínú ẹ̀, ẹ ó wá dé Awaday. Ẹ la ojú yín ní Awaday. Ewé tẹ́ ẹ rí tí wọ́n di lọ́pọ̀ yanturu yẹn, khat ni, wọ́n ń pè é ní chat, wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí àwa ṣe ń jẹ obì, ibẹ̀ sì ni ọjà ẹ̀ tó tóbi jù. Kò sí òfin tó dè é níbẹ̀. Ẹ máa bá a pàdé ní klíníìkì: tí ẹ bá ń wo ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ga, ẹni tí kò lè sùn, ẹ bi í pé ìgbà wo ló jẹ ewé yẹn gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ bi í bí ẹni ń bèèrè oúnjẹ, kì í ṣe bí ọlọ́pàá. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jókòó tì í, torí náà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ tó bá gba kí aláìsàn padà wá sí. Ẹ má sì mú ewé kan bọ̀ wálé, NDLEA ń mú un ní èápọ́ọ̀tù.

Wàyí o, aago. Mo máa dúró díẹ̀ níbí torí èyí ló fẹ́ kó mi sí wàhálà. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń ka aago, aago méje wa ni aago kan tiwọn. Tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ wá ní aago méjì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wí. Ẹ máa fi mẹ́fà yọ tàbí kẹ́ ẹ fi mẹ́fà kún un, tó bá sì jẹ́ nípa bàálù ni, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù wọn náà yàtọ̀: oṣù 13 ló wà lọ́dún, méjìlá ní ọjọ́ 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkẹtàlá ní ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọdún tuntun wọn bọ́ sí September, ọdún wọn sì fi méje tàbí mẹ́jọ kéré sí tiwa. Ajá bu ọmọkùnrin kan jẹ lẹ́sẹ̀, mo fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, mo kọ déètì èyí tó kàn sórí káàdì fún ìyá ẹ̀ ní 11/6, ọkàn mi balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló sáré tẹ̀ lé obìnrin náà dé géètì, ó ní dókítà, oṣù kẹfà tiwa ti kọjá lọ tipẹ́, obìnrin yìí ò ní mọ ọjọ́ tó máa wá. Àìsàn tó jẹ́ pé tó bá ti fara hàn kò sí oògùn! Láti ọjọ́ yẹn mi ò kọ déètì nìkan mọ́, mo máa ń ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ ní tiwọn, kó sì sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu: "lọ́jọ́ mẹ́ta òní". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nípa èdè, ẹ máa gbọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ìlú gan-an ń sọ Harari, Gey ni wọ́n ń pe ìlú wọn, èdè wọn ni Gey Sinan. Àwọn ará oko tó yí wọn ká, Oromo lọ̀pọ̀, àwọn Somali ń wá láti apá ìsàlẹ̀, Amharic sì ni ti ọ́fíìsì. Ẹ bèèrè ogbufọ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ẹ má lo ọmọ kékeré láti tú ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ fún yín. Salamu aleekun á ṣí ilẹ̀kùn fún yín níbi púpọ̀. Wọ́n á pè yín ní hakim, dókítà nìyẹn. Òkè tó wà lórí ìlú náà, Hakim lorúkọ ẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ wálíyù ni wọ́n fi pè é.

Ìlú tó wà nínú odi, Jugol ni wọ́n ń pè é. Emir Nur ibn Mujahid ló mọ odi yẹn láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ó ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́rin, bodè àtijọ́ márùn-ún ló ní, èyí tí mọ́tò ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣí i. Inú ibi kékeré tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀ kan yẹn ni mọ́ṣáláṣí 82 wà, mẹ́ta nínú wọn ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá, pẹ̀lú ibojì àti ibi àdúrà àwọn wálíyù 102. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2006. Fún ẹni tó kéwú bíi tèmi, tó ti ń gbọ́ láti kékeré nípa ilẹ̀ Habaṣa, Ethiopia yìí náà, ilẹ̀ ìyá Bílálì, tí àwọn sàhábà sá lọ bá ọba Najaṣi, kí n wá dìde nírun àsùbáà kí n gbọ́ ládánì kan, òmíràn, òmíràn, tí ohùn wọn ń lé ara wọn lórí àwọn òrùlé yẹn, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Richard Burton, Gẹ̀ẹ́sì, dọ́gbọ́n wọ ibẹ̀ ní 1855, Rimbaud tó jẹ́ akéwì ará Faransé ṣe òwò kọfí níbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n máa mú yín lọ sí ilé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè, ó dára láti wò, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sán kan péré lẹ ní, ẹ fi wo inú ilé Harari kan, wọ́n ń pè é ní gey gar, bí wọ́n ṣe ṣe àwọn pèpéle pupa tí wọ́n ń jókòó sí bí àtẹ̀gùn, tí apẹ̀rẹ̀ aláràbarà kún ara ògiri.

Ó wá kan àwọn ìkookò. Irú onítòótòó nì. Abo ló tóbi ju akọ lọ, abo ló sì ń jọba lórí wọn. Ẹnu wọn ń fọ́ egungun mààlúù, wọ́n á jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú egungun, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ tó funfun bí ẹfun. Lára odi yẹn, nísàlẹ̀, wọ́n dá ihò sí i, waraba nudul ni wọ́n ń pè é, waraba ni ìkookò, ibẹ̀ ni àwọn ẹranko yìí ń gbà wọlé lálẹ́ láti wá jẹ ìdọ̀tí àti egungun tí wọ́n dà síta. Ẹ rò ó wò, àwọn tó mọ odi láti lé ọ̀tá jáde, wọ́n rántí ìkookò.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìyàn mú láyé àtijọ́, ìkookò bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn, àwọn wálíyù wá kó ara wọn jọ sórí òkè, wọ́n bá wọn dá májẹ̀mú, pé wọ́n á máa fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n fi èèyàn sílẹ̀. Dòní, lọ́jọ́ Àṣúrà, wọ́n á ro ọkà bí ẹni ń ro àmàlà, wọ́n á da bọ́tà yíyọ́ lé e, wọ́n á gbé e síta fún wọn, bí ìkookò bá ṣe jẹ ẹ́ sí ni wọ́n fi ń wo bí ọdún á ṣe rí. Wọ́n tún gbà pé ìkookò ń gbé àlùjọ̀nnú mì, pé òun ló ń gbá ìlú mọ́. Tí aláìsàn bá sọ fún yín pé àlùjọ̀nnú ló ń ṣe òun, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ́tí, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ rí. Ṣé àwa náà ò ti gbọ́ irú ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù wa nílé ni?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn nítòsí, ẹ lọ ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú síbi tí wọ́n ti ń fún wọn lẹ́ran níta odi. Yusuf Mume Saleh ni baba táwọn èèyàn mọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀ Abbas ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ń pe ìkookò kọ̀ọ̀kan lórúkọ, á sì dá wọn lóhùn, á jáde látinú òkùnkùn pẹ̀lú èjìká gíga ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè iye owó kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ má fi ọwọ́ tí òórùn ẹran wà lára ẹ̀ kan aṣọ yín. Wọ́n á fún yín ní igi kékeré kan tí wọ́n fi ẹran kọ́, ẹ nà án gbọọrọ síwájú, ẹ mú un dúró, ẹ má fà á padà tí ìkookò bá ti ń bọ̀, fífà yẹn ló lè mú kó ṣi ọwọ́ yín mú. Àwọn kan ń fi igi náà sẹ́nu, èmi ò ṣe é, mo sì rọ̀ yín, gẹ́gẹ́ bíi dókítà, kẹ́ ẹ má ṣe é: ojú àti ètè ni ibi tí dìgbòlugi ti ń yára dé ọpọlọ jù. Ẹ má gbé ọmọdé dání. Ẹ má fọwọ́ pa ọmọ ìkookò lórí bó ti wù kó rẹwà tó, ìyá ẹ̀ ò jìnnà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ fọwọ́.

Nígboro ńkọ́? Ẹ lè pàdé ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ tóóró nígbà tí wọ́n bá pè yín lóru sí wọ́ọ̀dù, ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má sáré. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dúró ní ìdúró yín, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, á kọjá. Lẹ́ẹ̀kíní, ọkùnrin tó wá mú mi fa mi lápò aṣọ jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ tó yẹ ká yà fún, ẹranko náà kọjá níwájú orúnkún wa, mo gbọ́ èémí ẹ̀, kò wojú wa. Obìnrin tó ń rọbí la ń lọ bá. Ó bí tibi tire kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn dá rìn o, ẹ máa ní ará ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lóru, tàbí kẹ́ ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n ń pè ní bajaj, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, nítorí ajá. Lẹ́yìn odi, lápá oko, ọ̀rọ̀ ìkookò yàtọ̀, májẹ̀mú ìlú ò dé gbogbo ibẹ̀, ẹ má sùn síta.

Àwòdì náà wà. Ní Gidir Magala, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹran, wọ́n ń fò yípo lókè, wọ́n á já wálẹ̀ wọ́n á gba ẹran lọ́wọ́ èèyàn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ na ẹran sókè kí wọ́n wá gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì nà án, ọwọ́ yín lẹ fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, èékánná àwòdì sì máa ń ya awọ.

Fún òpin ọ̀sẹ̀, Babile wà ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Harar, ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún erin. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀ṣọ́ igbó wọn dání, ẹ sì bèèrè nípa ààbò lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi rìn láti àárọ̀ dọ̀sán, ìgbẹ́ erin àti igi tó wó ni mo rí. Mi ò kábàámọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún lọ síwájú díẹ̀, ẹ máa rí àfonífojì tí òkúta ńláńlá gun ara wọn lórí bí ẹni fọwọ́ tò ó, ràkúnmí ń jẹko láàrin wọn.

Tí ẹranko kankan bá bu yín jẹ tàbí tó ya yín lára, ajá, ìkookò, ọ̀bọ, ológbò, ẹ má tíì wá mọ́tò. Omi àti ọṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ẹ máa wo aago. Omi máa ń wọ́n ní Harar, torí náà ẹ máa pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì nínú yàrá yín nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ẹ fi áyódíìnì sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yára rán an, kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Tẹ́ ẹ bá sì ti padà délé, tí ara yín bá gbóná láàrin oṣù méjì mẹ́ta, ẹ má kàn gbé oògùn mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń wò yín pé ẹ gba Dire Dawa kọjá.